Òṣùwọ̀n Ìrètí

Ìbéèrè kan wà tí ó ti wà ní ayé kí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tó dúró. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn ni í máa ń béèrè rẹ̀, ẹni tí ó dúró tì í ni í sì máa ń wá èsì fún un. Ìbéèrè náà ni pé, "Ǹjẹ́ oògùn wà?" Bí oògùn bá wà, èsì kò ṣòro. Bí kò bá sí, èsì ṣòro láti fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n ó yé ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ìdààmú fún olóòótọ́ ènìyàn ni ìgbà tí oògùn ń bọ̀ tí kò tíì dé. Ìgbà tí ó ti wo èkúté sàn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá yóò wo ọmọ ènìyàn sàn. Kí ni kí ẹni tí ó mọ̀ wí fún ẹni tí ń kú lọ? Bí ó bá dákẹ́, ó dà bí ìkà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó lè di elékèé.

Àwọn àgbà a máa wí pé àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ hàn ibi tí àìsàn parí sí àti ibi tí ikú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, kí ó wo ìtàn akitiyan àwọn onímọ̀ láti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ àrùn jẹjẹrẹ, àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń wá láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìrètí àti ìjákulẹ̀, sùúrù àti ìwàǹwára, gbogbo wọn ni ó pàdé nínú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó yé ni ni pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Ẹ̀fọn ni í gbé ibà wọ ara, omi tí kò mọ́ ni í sì gbé àrùn onígbáméjì. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ, ọmọ ilé ni. Ara ènìyàn kún fún àìmọye sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí a fi mọ ara bí a ti ń fi amọ̀ mọ ilé. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní ìgbà tí yóò pín sí méjì, ó sì ní ìgbà tí yóò kú. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ òfin yìí, tí ó ń pín láìdúró, tí kò sì gbà láti kú mọ́, ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ. Kódà níbi tí kòkòrò àrùn láti òde bá ti dá a sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ara fúnra rẹ̀ ni ó ń yapa. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti bá a jà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara a máa tètè dá àlejò mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè fura sí ọmọ ilé.

Bí ó ti wù kí ọmọ ilé náà burú tó, ó ní láti jẹun. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó bá sì jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò kú. Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀lé èrò yìí dé òpin ni Judah Folkman, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1933. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ń sìn lábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ rẹ̀ ní Bethesda, ní ìpínlẹ̀ Maryland, òun àti Frederick Becker ń wá ohun tí a lè lò dípò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀yà ara kan láti ọrùn ehoro, wọ́n gbé e sínú ìgò, wọ́n sì ń tú omi tí ó ní èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kí ó má baà kú. Nígbà tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ èkúté sí i lára, ó hù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó bí orí abẹ́rẹ́, ó dúró. Wọ́n tún mú irú kókó bẹ́ẹ̀ padà sí ara èkúté alààyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà wàràwàrà.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Nínú ìgò, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun kò hù wọ inú kókó náà. Nínú ara alààyè, ó hù. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni ó bá tan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó jẹjẹrẹ rí. Kò ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ara tí ó gbé e ni ó ń ránṣẹ́ sí pé kí ó ya iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, ara a sì ṣe bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ pé ọ̀tá ni òun ń bọ́. Ní ọdún 1971 ni Folkman kọ èrò rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn tí a ń pè ní New England Journal of Medicine. Ó ní bí a bá lè dí ọ̀nà àwọn iṣan tuntun wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kí kókó náà wà ní kékeré títí, kí ó má sì lè pa ẹni tí ó gbé e. Àwọn ológun àtijọ́ náà mọ irú ọgbọ́n yìí: ìlú olódi tí ọfà kò lè wọ̀, ebi lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní wíwú àti gbígbóná ara lásán ni ó ń fa àwọn iṣan tí ó ń rí. Ó ru ẹ̀gàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àní títí tí ó fi kọ ipò olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston ní ọdún 1981, kí ó lè gbájú mọ́ ìwádìí. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí ó di ọdún 1989, Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kéde ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ońṣẹ́ tí kókó ń rán sí iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fún ní orúkọ tí a gé kúrú sí VEGF. Àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́.

Láti ara ìmọ̀ yìí ni ọ̀nà méjì ti yà. Ọ̀nà kìíní ni oògùn tí a ń fà sínú ẹ̀jẹ̀ láti mú ońṣẹ́ náà kí ó tó dé ibi tí a rán an; nígbà tí oògùn bá tán nínú ara, a ó tún fà á. Ọ̀nà kejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé olùkọ́ ni àjẹsára. Kì í bá ara jà fún ara; ó ń fi ojú kan han àwọn ọmọ ogun ara, ó sì ń kọ́ wọn pé, "Níbikíbi tí ẹ bá ti rí ojú yìí, ẹ kọlù ú." Nígbà tí ó jẹ́ pé ojú jẹjẹrẹ a máa yí padà, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a sì máa para dà láti sá fún oògùn, àwọn onímọ̀ rò pé ó sàn kí a kọ́ ara láti kọlu iṣan tí ń gbé oúnjẹ lọ fún un, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Scripps ní California ròyìn iṣẹ́ wọn lórí irú àjẹsára bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú kòkòrò Salmonella tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, wọ́n fi ṣe ẹrù-ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ara, wọ́n sì fún àwọn èkúté mu. Àwọn iṣan tí ń hù lọ sínú kókó dínkù, kókó náà kò sì dàgbà bí ti àwọn èkúté tí kò mu ún. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà kọ ohun kan mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́: egbò àwọn èkúté náà pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jinná.

Gbólóhùn kékeré yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìṣòro gbogbo ọ̀ràn náà wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń hù kì í ṣe iṣẹ́ ibi. Òun ni í mú kí egbò san. Òun ni obìnrin ń lò ní oṣooṣù, òun sì ni ó ń bọ́ ọmọ inú oyún. Ojú ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé, ojú ọ̀nà kan náà ni onílé ń gbà lọ sí oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ dí i, kí ó mọ ìgbà tí yóò dí i, kí ó sì mọ ìwọ̀n. Oògùn tí ó bá ń ṣe ibi, a lè dá a dúró kí ó tán lára; ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ ara kò rọrùn fún ara láti gbàgbé.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí lọ́kàn ni ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1998. Ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn kan sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa angiostatin àti endostatin, èròjà méjì tí a rí ní yàrá ìwádìí Folkman, tí ó ń mú kókó jẹjẹrẹ rọ lára èkúté. Nínú ìròyìn náà ni a ti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu James Watson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1962 nítorí ìwádìí lórí DNA, pé Folkman yóò wo jẹjẹrẹ sàn láàárín ọdún méjì. Watson kọ̀wé lẹ́yìn náà pé bí òun ti rántí ọ̀rọ̀ náà kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bí ó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ìpín okòwò EntreMed, ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn oògùn náà, wà ní nǹkan bí dọ́là 12 ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ọjà tó pa ní ọjọ́ Ajé, ó ti kọjá dọ́là 50. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ni ó dìde. Àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ń pe àwọn ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tí kò tíì kan ara ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìdánwò endostatin lára ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe lára ènìyàn bí ó ti ṣe lára èkúté. Irú rẹ̀ kan tí wọ́n tún ṣe rí ìyọ̀ǹda ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 2005 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ọdún méjì tí ayé gbọ́ kò dé. Folkman fúnra rẹ̀ kò ṣèlérí rẹ̀. Ohun tí òun wí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tẹ́tí sí, ni pé bí ènìyàn bá jẹ́ èkúté tí ó ní jẹjẹrẹ, àwọn lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí ó ń gbèjà ìkéde kíákíá, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òun yóò wí pé ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè bóyá igi tí a nà sí òun ti jẹrà. Yóò dì í mú ná. Yóò wí pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ń fẹ́ láti fi yẹ oògùn wò, ẹni tí ó ní oṣù mẹ́fà láti gbé kò ní in. Yóò sì béèrè pé, ta ni ó fi oníṣègùn jẹ adájọ́ tí yóò máa pinnu ìwọ̀n ìrètí tí ó tó fún ẹlòmíràn? Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ibùsùn aláìsàn ní òru kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun díẹ̀ kì í ṣe ohun asán lójú ẹni tí ń kú lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2004, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí bevacizumab, oògùn tí ń mú VEGF ní ìgbèkùn, fún àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti ràn kálẹ̀. Nínú ìdánwò rẹ̀, ìwọ̀n ààrin ọjọ́ ayé àwọn tí kò gbà á jẹ́ oṣù 15.6, ti àwọn tí ó gbà á jẹ́ oṣù 20.3. Kò tó oṣù márùn-ún. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rò pé kí ni èyí jámọ́. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù márùn-ún, ìyàwó ọmọ lè bí, gbèsè lè san, àwọn tí ó ti ń bínú sí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ sì lè parí ìjà. Kò sí ẹni tí ó lè fi òṣùwọ̀n ọjà wọn oṣù márùn-ún wọ̀nyí fún ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lọ ni ọ̀ràn jẹjẹrẹ ọmú. Folkman kú ní oṣù kìíní ọdún 2008. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, àjọ náà fi ọwọ́ sí bevacizumab fún jẹjẹrẹ ọmú tí ó ti ràn, pẹ̀lú àdéhùn pé ìdánwò yóò máa bá a lọ. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé oògùn náà dá ìdàgbà kókó dúró fún oṣù bíi márùn-ún ààbọ̀ sí i. Kò sí ẹ̀rí pé ó fi kún ọjọ́ ayé. Nígbà tí àwọn ìdánwò tí ó tẹ̀lé e parí, ìdádúró náà kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí èyí tí ó fi hàn pé àwọn obìnrin tí ó gbà á pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn náà ní ewu tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ dídà, egbò tí kò tètè jinná, àti ìfun tí ó lè lu.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n pe àpérò ìta gbangba lórí ọ̀ràn náà. Àwọn obìnrin dìde níbẹ̀, wọ́n jẹ́rìí pé oògùn náà ni ó mú kí àwọn ṣì wà láàyè, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a má gbà á lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún náà, Margaret Hamburg, ọ̀gá àjọ náà, fagi lé ìyọ̀ǹda rẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn aláṣẹ ní Yúróòpù wo ẹ̀rí tí ó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn máa lò ó pẹ̀lú oògùn mìíràn kan. Èyí fi hàn pé àwọn olóòótọ́ méjì lè wo ẹ̀rí kan náà kí ìdájọ́ wọn má sì rí bákan náà.

Ǹjẹ́ ìkà ni Hamburg bí? Ó dà bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí ó bá wo ojú àwọn obìnrin náà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé àwọn obìnrin mìíràn wà tí kò sí ní àpérò náà. Àwọn tí oògùn náà pa lára kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó gbà á tí wọ́n sì kú ní àkókò tí wọn ì bá kú láìgbà á. Ẹni tí ó gba oògùn tí ó sì wà láàyè ń jẹ́rìí sí ohun tí ó rí, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n kò lè mọ bí òun ì bá ti rí láìsí oògùn náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí ìdánwò fi di dandan. A ó pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan yóò gba oògùn tuntun, èkejì kò ní gbà á. A ó sì fi pamọ́ fún aláìsàn àti oníṣègùn, kí ìfẹ́ tàbí ìbẹ̀rù má baà yí ohun tí ojú rí padà. Bákan náà ni a ti ń fi nọ́ńbà dípò orúkọ sórí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà mọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà búburú ni láti fún ẹni tí ń kú lọ ní abẹ́rẹ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́ òtítọ́ bí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oògùn tuntun náà dára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànì ni ó fi èsì rẹ̀ hàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe elpamotide, àjẹsára tí ń kọ́ ara láti kọlu iṣan tí ń bọ́ kókó. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 153 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ páńkíríásì, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ó burú jù lọ. Gbogbo wọn ni ó gba oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀; àwọn kan gba àjẹsára náà kún un, àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ òfìfo. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2015, ìwọ̀n ààrin ọjọ́ ayé ẹgbẹ́ méjèèjì jẹ́ oṣù mẹ́jọ àti díẹ̀. Àjẹsára náà kò fi ọjọ́ kún ọjọ́.

Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ òfìfo ní Jàpáànì kò pàdánù ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti pín àjẹsára náà fún gbogbo ènìyàn láìdán an wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ì bá ta ilé ta ọ̀nà láti rà á, ì bá sì tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé owó àti ìrìn-àjò náà já sí asán. Àwọn aláìsàn 153 náà, tí ọjọ́ wọn kò pọ̀ mọ́, yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀ kí àwọn tí wọn kò ní rí láé lè mọ òtítọ́. Ayé kò kọ orúkọ wọn sí ibì kan, bẹ́ẹ̀ gbèsè wọn wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn.

Nípa báyìí, a lè padà sí ìbéèrè pé ta ni ó jẹ̀bi ní ọdún 1998. Kì í ṣe ìrètí ni ó jẹ̀bi. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá fi ìrètí hàn láìsọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Láti wí pé, "Ó ti mú kókó rọ lára èkúté, a kò sì tíì mọ ohun tí yóò ṣe lára ènìyàn," òtítọ́ ni, ìrètí sì ń bẹ nínú rẹ̀. Láti wí pé, "Ọdún méjì sí i, jẹjẹrẹ ti tán," ọ̀rọ̀ kan náà ni tí a ti bu omi là títí adùn rẹ̀ fi pọ̀ tí agbára rẹ̀ sì ti lọ. Oníyẹ̀fun tí ó bá na ìsàlẹ̀ kóńgò rẹ̀ sókè ń rẹ́ oníbàárà jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yẹ̀fun gidi ni ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ojú méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí ojú kejì. Àwọn tí ó fi Folkman ṣe ẹ̀sín lẹ́yìn ọdún 1971 náà kọjá òṣùwọ̀n. Wọn kò dán èrò rẹ̀ wò kí wọ́n tó wí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Oníṣègùn tí ó bá wo ìwé àyẹ̀wò fìrí, tí ó sì wí fún aláìsàn pé kí ó máa lọ sílé lọ kú, kò sàn ju ẹni tí ń polówó oògùn gbogbo-nìṣe ní ibùdókọ̀ lọ. Ọ̀kan ń ta ìrètí tí kò ní, èkejì ń pín àìnírètí tí kò ní. Àwọn méjèèjì ń fi ohun tí wọn kò mọ̀ ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni ó sọnù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn ènìyàn Nàìjíríà gidigidi, nítorí pé orúkọ kan náà ni ohun méjì ń jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní àjẹsára tí ń dènà kòkòrò HPV, èyí tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Àjẹsára ìdènà ni èyí. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni a ń fún. A ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, iye àwọn tí ń kó jẹjẹrẹ náà sì ti dínkù níbi tí a ti lò ó. Ìrètí tí ó ti pọ́n lórí igi nìyí. Èyí tí ó dojú kọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kókó yàtọ̀. Ẹni tí àrùn ti mú ni ó wà fún, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ìdánwò ńlá ti fi hàn pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé aláìsàn. Ní Havana ní Kúbà, àwọn onímọ̀ ti ṣe èyí tí ó dojú kọ VEGF fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ní ibòmíràn náà iṣẹ́ ń lọ. Ìrètí tí ó ṣì tutù ni, kì í ṣe ìrètí èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní ohun tí ó ti pọ́n ń ṣe ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò já ẹni tí ó ní àrùn kulẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì hàn, ìyá tí ó gbọ́ pé "àjẹsára jẹjẹrẹ" kan kò ṣiṣẹ́ yóò fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò níbi èyí tí ì bá gbà á là.

Kí wá ni èsì fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó yẹ kí a sọ fún un pé àrùn tí ó ń bá a jà, ọmọ ilé ni, àti pé ìdí nìyí tí ìjà náà fi pẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a sọ ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a kò mọ̀, kí a má fi ìkejì bo ìkíní. Bí ìdánwò bá wà tí ó lè wọ̀, kí a sọ ewu rẹ̀ fún un, kí a sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún un, nítorí pé òun ni ó ni ọjọ́ tí ó kù. A lè wí pé, "Oògùn kan ń bọ̀ lọ́nà. A kò mọ̀ bóyá yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú, a kò ní fi yín sílẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta yìí kò lè gbé ìpín okòwò kankan sókè, ìwé ìròyìn kò sì ní gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́. Síbẹ̀ òtítọ́ ni ó kún inú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ lè fi orí lé e.